Bébà Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kò Bá Ojú Mu: Sí Àṣàbí Ọmọ Mi

Ṣómólú,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Àṣàbí,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n san gbèsè ọrùn mi. Bébà méjìlélọ́gbọ̀n ni mo kó fún ọ lóṣù ààwẹ̀ pé kí o máa fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ nípa àwọn èèyàn ilẹ̀ káàkiri ayé. Gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Méjìlélọ́gbọ̀n mìíràn nìyí nínú àpò tí Ìyá Èbùn ẹlẹ́ja gbé wá bá ọ. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n, mo rán wọn, mo sì lẹ èèpo líle sí wọn lẹ́yìn. Má bi mí léèló. Igba káàdì ìgbéyàwó ni mo bá ọ̀gá onítẹ̀wé ká lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó yọ̀ǹda wọn fún mi. Kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ fún Ìyá Èbùn, kí ó má ku ẹyọ kan, títí kan èyí tí Ráúfù fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ẹja ni yóò fi wọ́n wé. Gbèsè tán.

Ó wá kù kí n kí ọ. Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa ni ọkọ rẹ wà? Kàfáyà ńkọ́? Ráúfù ńkọ́? Eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ ń dùn mí ju eékún lọ.

O lè ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù alágbèéká tí ọkọ rẹ rà. Fóònù yẹn ń jẹ owó bí ọmọdé ṣe ń jẹ gúgúrú, ọ̀rọ̀ mi sì gùn ju káàdì kan lọ. Tí mo bá tún fẹsẹ̀ ara mi wá sí Bàrígà, a óò tún pariwo bíi ti àná, tí onílé rẹ fi yọ orí lójú fèrèsé. Ìwé tuntun tí mo rán yìí wà nínú àpò mi lánàá o. Ariwo rẹ ni kò jẹ́ kí n yọ ọ́. Lórí bébà, màá sọ̀rọ̀ tán kí o tó dá mi lóhùn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Tí mo bá ṣi nǹkan kọ, má fi bírò pupa fa ìlà sí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo gbè ọ́ sí, kí o má bàa ní màmá rẹ kì í rí ire. Nígbà tí o fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nílé-ìwé aládàáni tí obìnrin yẹn dá sílẹ̀, tí o sì kó àwọn ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀, mo ní o ṣeun. Mo ti gbọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n ń ké "Ẹ́é fọ́ Ápù" bí ayékòótọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn ò kan ápù rí. O ní ìwọ yóò kọ́ àwọn ọmọ rẹ nílé, ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ kan. Mo ní kò burú, títí o ó fi rí ilé-ìwé mìíràn. O ya ayé sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí onílé rẹ dúró síwájú rẹ̀.

"Ìyá Kàfáyà, ayé tí ẹ yà sára ògiri mi yìí, ta ni yóò pa á rẹ́?"

"Bàbá, ẹ máa wò ó, ẹ̀yin náà á rí nǹkan kọ́."

"Àádọ́rin ọdún ni mo ti wà nínú rẹ̀. N ò nílò àwòrán rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́. O kò wá ilé-ìwé mìíràn. O tún gba ọmọ mẹ́rin mọ́ ọn lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, o wá sọ fún mi lánàá pé iṣẹ́ rẹ tuntun nìyẹn, pé kò sí èyí tó ń padà sílé-ìwé nínú wọn. Kàfáyà ti pé mọ́kànlá, Àṣàbí! Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì ń bọ̀. Ilé-ìwé ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un, wọn kì í fi orúkọ pálọ̀ sílẹ̀. Tí o bá gbọ́ gbogbo ohun yòókù tí o kò gbọ́ èyí, lásán ni mo jókòó kọ̀wé.

Àkọ́kọ́: máa wo ojú bébà, kí o sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

O mọ̀ pé èmi ni mo mú àwọn ọmọ lọ sí etí omi lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, láti ra ẹja lọ́wọ́ Ìyá Èbùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni n kò rí àyè sọ tán lánàá. Bí a ṣe dé ibi tí àwọn Ìlàjẹ kọ́lé sí lórí omi, tí gbogbo ilé dúró lórí òpó, Kàfáyà dúró gbọnin. Ó fa bébà kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ wò ó! Irú ilé yìí ló wà nínú bébà wa."

Ìyá Èbùn nu ọwọ́ sára ìró, ó gba bébà. "Lóòótọ́ ni. Níbo lèyí, ọmọ mi?"

"Ilẹ̀ olótùútù ni, mà. Omi ibẹ̀ máa ń di òkúta. Awọ ẹranko ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀."

"Awọ kẹ̀? Ọkùnrin tó ń tukọ̀ yìí ò wọ nǹkan kan lókè."

Ọmọ rẹ kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ó bọ́ ọ sílé ni, mà, kí omi má bàa ta sí i."

Ni Ráúfù bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ajá ló ń fa ọkọ̀ wọn!"

"Ajá dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ omi, mà. Ó ń lúwẹ̀ẹ́."

Ìyá Èbùn rẹ́rìn-ín títí ó fi di agbọ̀n ẹja mú kó má bàa ṣubú. Ó ní, "Ilé bàbá mi nìyí o! Irú ibi tí wọ́n bí mi sí gan-an nìyí. Òtútù wo? Ẹ̀fọn la ní. Ìyá Àṣàbí, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ yìí?"

Àṣàbí, mo wá ibi tí màá gbé ojú mi sí, n kò rí. Mo gba bébà náà, mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwé yẹn, àwòrán àwọn èèyàn kan ló máa ń wà lójú bébà, àlàyé nípa wọn á wà lẹ́yìn. Nígbà tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fẹ́ tẹ ẹ̀yìn, ó gbé orí bébà ńlá, tí wọ́n ń tẹ ojú ìwé púpọ̀ sí kí wọ́n tó gé e, síbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Gbogbo ẹ̀yìn bá lọ bá ojú ẹlòmíràn. Àwòrán àwọn tó ń gbé orí omi gba àlàyé àwọn tó ń gbé inú yìnyín. Èyí tó jẹ́ àwòrán àwọn tó ń da ràkúnmí nínú aṣálẹ̀ ló gba ti àwọn tó ń gbin ìrẹsì nínú ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ráúfù fi sọ fún mi nígbà kan pé ràkúnmí ló ń fẹsẹ̀ gbin ìrẹsì. Mo rò pé ọmọdé ló ń ṣe é ni.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, n kò sá fún un. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ká bébà, tí mo sì ń rán ìwé ní Ṣómólú, kò yẹ kí irú rẹ̀ kọjá lójú mi. Nígbà tí ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ máa kó o, ó ti bàjẹ́," mo rò pé yíǹkì ló ta sí i. Mo gbọ́ ọ̀fẹ́, mo tẹ́ ìró. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò sì yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́? O ń ka ẹ̀yìn fún ọmọ mẹ́fà láti ìgbà ààwẹ̀, o kò sì wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi Kàfáyà pé, "Ṣé o kò bi màmá rẹ pé báwo ni ẹni tó wà nínú òtútù ṣe wà láìwọ ẹ̀wù?" Ó ní, "Mo bi wọ́n. Wọ́n ń fọṣọ. Wọ́n ní kí n ronú sí i fúnra mi." Ọmọ sì ronú sí i lóòótọ́. Ó ronú títí irọ́ fi jókòó dáadáa nínú orí rẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ju ẹ̀rín ẹlẹ́ja lọ. Ọmọ tó ní làákàyè tó báyìí, tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ́, nígbà tí ẹni náà bá ṣìnà, ta ni yóò sọ fún un? Nílé-ìwé, tí olùkọ́ kan bá parọ́, olùkọ́ ọdún tó ń bọ̀ á tú u, tàbí kí ọmọ Ìlàjẹ kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè pé, "Tíṣà, irọ́ ni." Nínú pálọ̀ rẹ, ta ni yóò na ọwọ́ sókè?

Ẹ̀kejì: ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gba àkísà kan lọ́wọ́ mi.

Oyún rẹ wà nínú mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ mi yá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń pè mí ní ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ìwé orin ìjọ kan wá, igba ẹ̀dà, èmi ọmọ mùsùlùmí ni wọ́n sì ní kí n rán an. Ọ̀gá mi obìnrin ní, "Sìdíkátù, tí o bá ti to mẹ́wàá, dúró kí o kà á wò kí o tó rán an." Ta ló fẹ́ dúró? Mo fi ìdì bébà kẹta síwájú ìkejì, mo rán gbogbo igba bẹ́ẹ̀, mo ń fi orin sẹ́nu. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n ṣí i, àlùfáà pe nọ́ńbà orin, àwọn tó mú ìwé àtijọ́ dání ń kọ orin ìgbéyàwó lọ, àwọn tó mú tuntun ṣí ojú ìwé, wọ́n bọ́ sínú orin òkú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ti wà níwájú mi.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tú òwú. Ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kọ́ mi nìyí: òwú ṣeé tú, ṣùgbọ́n ihò tí abẹ́rẹ́ ti lu kì í dí. Nígbà tí o bá tún un rán, ibẹ̀ ló ti ń ya. Ọdún tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni abẹ́rẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Dúró, kà á wò kí o tó rán an.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun ni mo ti ń yí ká láti òkè. N kò fẹ́ kọ ọ́. Lánàá, nígbà tí mo ní kí Kàfáyà padà sílé-ìwé, o dìde, o na ìka sí mi, o ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi nílé, mà! Ṣé mo wá di òmùgọ̀ ni?" O rò pé o ti borí mi. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Àṣàbí, tí o bá wà ní ìdúró, jókòó.

Mo mọ ọdún tí o ń sọ. O ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òun ló dùn jù nígbà èwe rẹ. O wà ní ìwé kẹrin. O máa ń jókòó sórí bébà tí wọ́n gé kù lábẹ́ tábìlì mi, màá fa kàlẹ́ńdà tí ìtẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ yọ, màá ní, "Àwọn wo nìyí?" A ó wo àwọn ẹlẹ́ṣin ìlú Hausa, a ó wo ilẹ̀ Mẹ́kà, a ó wo ilé òyìnbó tí yìnyín bo òrùlé rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, mo sọ. Ohun tí n kò mọ̀, mo hùmọ̀ rẹ̀. Mo ní àwọn olùkọ́ ń bá ìjọba jà, wọ́n ti ti ilé-ìwé.

Wọn kò ti ilé-ìwé kankan. Ojoojúmọ́ ni aago ń lù níbẹ̀.

Ilé-ìwé kò tíì di ọ̀fẹ́ nígbà náà. Bàbá rẹ ti lọ sí Òkè Ọya, kò fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n fi lẹ́tà lé ọ lọ́wọ́ pé kí o má padà wá láìsan owó, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e wálé fún mi, tí o ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo lè lọ bẹ̀bẹ̀. Ojú tì mí. Mo ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tó bá jókòó tì mí á bá mi ká bébà, kò sì ní gba owó ọkọ̀. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ká ọ mọ́ abẹ́ tábìlì yẹn. O rántí bí a ṣe máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn láti Fádèyí, tí a ó máa yà láti àdúgbò dé àdúgbò, tí mo ní a ń rìnrìn àjò ayé, pé òpópónà yìí ni Íńdíà, èyí ni Íjíbítì? Mo ń mú ọ sá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni.

Ohun tí o rò pé ó jẹ́ ilé-ìwé, àìní ni. Mo fi ìtàn bò ó kí o má bàa rí i.

Nígbà tí mo rí owó, mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé-ìwé kó tó gbà ọ́ padà. Ó fi ọ́ sí ìwé kẹta. O ga ju gbogbo wọn lọ, wọ́n ń pè ọ́ ní Ìyá Kíláàsì. O sunkún wálé. Mo tún parọ́ kan lé èkíní. Mo ní, "Má sunkún. Wọ́n fi ọ́ síbẹ̀ kí o lè máa ran àwọn kéékèèké lọ́wọ́ ni." O nu ojú rẹ. Lọ́jọ́ kejì, o mú ṣọ́ọ̀kì dání lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo bí olùkọ́, mo ń gba ìyìn náà, mo ń jẹ ẹ́, kò sì lọ geere lọ́nà ọ̀fun rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi ti kọjá ogún. Òní ló bá mi, ní Ṣómólú, lórí tábìlì kan náà.

Nítorí náà, má ṣe mú ohun tí mo ṣe nítorí àìrí ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí o rí. Ọkọ rẹ ti ní òun yóò san owó ilé-ìwé. Èmi kò ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni mo dé àbí ẹ̀karùn-ún. Gbọ́ eléyìí ṣá: n kò ní kí o pa ayé rẹ́ lára ògiri. Onílé ló ń wá ìyẹn. Mo rí Ráúfù tó kí Hausa tó ń ran bàtà lẹ́bàá Palmgrove ní èdè rẹ̀, tí ọkùnrin náà fi yọ̀ títí, tó kọ̀ láti gbowó bàtà mi. Mo rí i bó ṣe to sálúbàtà gbogbo ayálégbé mi sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ilẹ̀ kan wà tí wọ́n kì í wọ bàtà wọlé. Ìwọ lo kọ́ ọ, ó sì dára. Ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣe é lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, kí o sọ ọ́ di lẹ́sìn. Àwọn ìyá ọmọ mẹ́rin yẹn á san owó lẹ́sìn tayọ̀tayọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń fi gààrí àti ìlérí san án fún ọ nísinsìnyí. Ìwọ náà mọ ìṣirò.

Tí ẹ bá sì tún dé orí àwọn tó ń gbé orí omi, pe Ìyá Èbùn sí pálọ̀ rẹ, fún un ní àga, kí àwọn ọmọ bi í léèrè. Ó sọ fún mi pé òun á wá. Ó ní òun á mú ajá dání. Máa rẹ́rìn-ín, ìwọ ló ń bú.

Ọ̀rọ̀ Kàfáyà ló kù. Ṣí ìwé tí mo rán, wo àárín rẹ̀, níbi tí òwú ti jáde. Fọ́ọ̀mù ìdánwò wà níbẹ̀. Mo mú Kàfáyà dání lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí yín láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kí a tó jà rárá, mo dúró níwájú tábìlì ọ̀gá wọn. Ó bi Kàfáyà ní ìbéèrè mélòó kan, ó ní, "Ìyá, ọmọ yìí mọ nǹkan, àmọ́ ó pọn dandan kí òbí rẹ̀ fọwọ́ síwèé kó tó wọ kíláàsì wa." Ó ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó gbogbo orúkọ lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo máa bẹ̀bẹ̀ níwájú irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́, oṣù mẹ́wàá ni mo fi pẹ́. Eléyìí, n kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

Tí inú bá ń bí ọ sí mi nítorí ohun tí mo sọ sókè yìí, o jàre. Máa bínú, àyè wà fún ìyẹn títí ọdún yóò fi parí. Kọ ìbínú rẹ sínú bébà ọ̀tọ̀, màá kà á, n kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Wo ojú rẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí o tó fọwọ́ sí i.

Ìyá Èbùn ń bọ̀ wá gba bébà ní Ṣómólú lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀; òun ni kí o fi fọ́ọ̀mù náà rán sí mi. Tí ó bá dé lọ́wọ́ òfo, màá tẹ̀lé e padà sí Bàrígà, màá sì jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ rẹ, màá na ọwọ́ mi sókè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù.

Ọjọ́bọ̀ ni o, Àṣàbí. Ọjọ́bọ̀.